Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Kí Wọ́n Tó Bí Mi

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, nǹkan kan kò dùn mí rí. Ọkọ̀ akóyanrìn kọ lù mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ọkọ̀ náà ni wọ́n wọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo já bọ́ láti òkè ilé alájà kẹta, ilẹ̀ ló là. Ajá bù mí ní ẹsẹ̀ jẹ, eyín ajá ló ká. Eegun tó wà lára mi, irin ni, kì í sì í ṣe irin lásán, irin tí ọkọ̀ rélùwéè ń gbà kọjá ni. Bí mo bá ń sáré, atẹ́gùn ni yóò máa bẹ̀ mí pé kí n rọra.

Mo kọ èyí síwájú kí ẹni tó bá jí ìwé yìí kà lè mọ irú ẹni tí òun ń bá ṣeré.

Dókítà ló fún wa ní ìwé náà lónìí, àwa méjìlélógójì tí a wá sí ibùdó àwọn eléré ìdárayá. Ó ní kí kálukú máa kọ bó ṣe sùn, ohun tó jẹ àti bí ara ṣe rí, kó sì fi ìrora parí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, àti bó ṣe le tó. "Mi ò ní kà á," ló wí, "àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má parọ́ fún ìwé." Obìnrin kúkúrú ni. Ohùn ẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé ó ń ka eegun ìhà onítọ̀hún níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la máa lò. Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀, ni àṣekágbá. Àwa mẹ́sàn-án là ń sá irínwó mítà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá: oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, ìwé ọ̀fẹ́, títí tí n ó fi di ọkùnrin. Ẹni tó bá ṣèṣe, ilé ló ń lọ. Kóòṣì ò fi bò rárá: "Ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ dun èèyàn, kó lọ dùn ún nílé ìyá ẹ̀."

Ẹni tí wọ́n fi mí sí yàrá pẹ̀lú ẹ̀ ń ju òkò irin. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìyá ẹ̀ tó ń bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ máa ń ru àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà kígbe.

Ìrora: kò sí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n kó wa lọ sí yàrá fọ́tò eegun, lẹ́yìn ilé ìwòsàn ibùdó. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Òtútù ibẹ̀ mú débi pé, bí mo ṣe bọ́ ẹ̀wù, àwọn eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà.

Bàbá arúgbó kan ló ń darí ẹ̀rọ náà. Bàbá Onífọ́tò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní kí n sùn gbalaja, kí n má mira. Apá funfun gígùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí mi díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn bí ẹni tó ń kọrin sínú. Ẹ̀rọ yẹn ló máa sọ iye ọ̀rá tó wà lára èèyàn, iye ẹran àti iye eegun, àti bí eegun náà ṣe ki tó. Bàbá ń dápàárá láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ní tí mo bá mí, màlúù ló máa jáde nínú fọ́tò. Nígbà tí apá náà dé ìbàdí mi, Bàbá dá àpárá dúró.

Ó sún mọ́ gíláàsì.

"Ìgbà wo lo wá síbí kẹ́yìn?"

"Mi ò wá rí, Bàbá."

"O wá. Mo ti yà ẹ́ rí."

"Àfi tó bá jẹ́ lójú àlá, Bàbá, mo sì máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá lá mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde wá dúró lórí mi. "Mo lè gbàgbé ojú. Orúkọ kì í dúró sí mi lórí mọ́. Ṣùgbọ́n ìbàdí tí mo bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, mi ò kì í gbàgbé ẹ̀." Ó na aṣọ sí mi. "Wọṣọ. Òtútù ti mú ẹ ju bó ṣe yẹ lọ."

Mo sọ fún Sìmẹ́ńtì. Ó ní bóyá èmi àti òkú kan la jọ ra ìbàdí lórí àtẹ kan náà. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ìrora: kò sí.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ dé pápá lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo ń sá díẹ̀díẹ̀ láti mú ara gbóná, ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ kọjá. Ó kàn ń tẹ̀ lé tèmi: mo tẹ̀, ó tẹ̀. Pá, pà-á. Pá, pà-á. Mo yí padà. Pápá ṣófo láti òpin dé òpin, àwọn ìjókòó òfìfo ń wò mí. Mo dúró, ó dúró. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, tó o bá fẹ́ kọjá, kọjá." Ẹyẹ kan ṣoṣo ló fò.

Mo padà lọ wo ilẹ̀. Ipa bàtà ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tèmi. Ti ọ̀tún mọ́ kedere. Ti òsì wọ́ sẹ́yìn díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń fa nǹkan.

Mo sá yíká mẹ́fà sí i, kí n má baà dà bí ojo lójú ara mi. Kò sí ẹranko tó lè bá mi lónìí.

Ìrora: kò sí.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Igba mítà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìkẹjọ mo jókòó láti so okùn bàtà. Kóòṣì ní, "Okùn wo ló ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà?" Mo ní okùn tuntun ni, kò tíì mọ̀ mí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo fi dìde.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń ṣáájú lórí gbogbo àtẹ̀gùn lónìí. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni. Wàrà alágolo ti tún wọ́n sí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì. Obìnrin tó ń tà á ní tí a bá fẹ́ kí owó ẹ̀ dín kù, kí á lọ bá màlúù fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìrora: kò sí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ní kí á lọ kí àwọn ará ilé, kí á padà kó tó di aago márùn-ún.

Aránṣọ ni Màámi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé, ó máa ń dún dé títì. Lónìí, bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Nígbà tí mo máa wọlé, Màámi ti dìde dúró, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè wọn, ojú wọn ń wo ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, Màámi? Ààrẹ?"

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ìrìn ẹ ló yàtọ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún mi.

Wọ́n ti rán ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan dè mí. Mo wọ̀ ọ́, ó bá mi mu bí èèpo ṣe ń bá igi mu. Màámi kì í rán nǹkan láìwọ̀n ọ́n o. Oníbàárà tó bá ní kí wọ́n máa fojú díwọ̀n òun, wọ́n á ní kó lọ fojú wọ aṣọ.

"Ìgbà wo lẹ wọ̀n mí, Màámi?"

"Mo mọ ìwọ̀n ẹ."

"Mo ti ga sí i láti ọdún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí orí mi máa nu àjà."

Mo wo ìṣẹ́tí: ẹsẹ̀ òsì fi ìdajì ínǹṣì kúrú ju ti ọ̀tún lọ. Mo rò pé ọwọ́ wọn ló yẹ̀. Mo dúró gbọnrangandan níwájú dígí, àwọn ìṣẹ́tí méjèèjì sì balẹ̀ sójú kan náà. Ara mi ni kò dọ́gba. Ṣòkòtò ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Gbogbo oníbàárà Màámi ló ní páálí tí wọ́n fi ń gé aṣọ ẹ̀, orí ìṣó ni wọ́n ń fi í kọ́, orúkọ ẹni náà a sì máa wà lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gé tèmi ṣì wà lórí tábìlì. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, eku ti jẹ etí ẹ̀, kò ní orúkọ. Màámi rí i pé mò ń wò ó, wọ́n fa aṣọ bò ó.

Ìyá àgbà jókòó létí fèrèsé. Ìyá bàbá mi ni wọ́n, wọn ò ríran mọ́ láti ọdún mẹ́rin. Mo kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó sọ̀ sí ìhà, ó dé ìbàdí òsì, ó dúró. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan. Ojú mi ṣú.

"Ibí yìí ṣì ń dùn ẹ́," ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo rò pé wọ́n ní àwọn ti tò ó."

"Ìyá àgbà, èmi ni o."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. O pẹ́ kó o tó dé."

Mo wọ ṣòkòtò náà padà sí ibùdó. Mi ò lè bọ́ ọ, ó rọ̀ mí lára jù.

Ìrora: kò sí.

Tọ́sìdeè, ogúnjọ́

Bàbá Onífọ́tò ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níbi pátákó gíláàsì tó ń tanná láti ẹ̀yìn. Ó ti kọ́ fíìmù kan síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù dúdú àtijọ́, igun ẹ̀ ti ká. Ó gbé àwòrán ìbàdí tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Wò ó dáadáa."

Ibì kan wà tí eegun itan ti máa ń yà wọnú ìbàdí, ọrùn itan ni Bàbá ń pè é. Ti Sìmẹ́ńtì, tí Bàbá fi hàn mí, kúrú, ó ki, bí ọrùn màlúù. Tèmi gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ síwájú bí ọrùn lékeléke tó ń wo ẹja nínú omi. Ti inú fíìmù yẹn náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kókó kékeré kan wà létí tèmi, ó wà létí tiẹ̀. Bàbá fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ da tèmi kọ, ó gbé e lé fíìmù lórí. Kò yẹ̀ fún irun orí kan.

"Bàbá, ẹ yà mí lójú oorun."

"Ka ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀."

Oṣù keje, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Lábẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kọ orúkọ ìdílé wa sí.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi nípa bàbá mi ni pé àìsàn ló pa á kí n tó dé. Fọ́tò kan ló wà nílé, ojú inú ẹ̀ sì ti ń ṣá lọ. Ẹ wo bí mo ṣe wá pàdé bàbá mi, kò wọ nǹkan kan, kódà kò wọ ẹran ara.

Mo rí ìlà kan lórí ọrùn itan tiẹ̀, tín-ín-rín, ó gba ìdábùú. Tèmi ò ní in.

"Kí nìyí, Bàbá?"

Ó pa iná. "Lọ jẹun ọ̀sán."

Ìrora: kò sí.

Fúráìdeè, ọjọ́ kọkànlélógún

Dókítà pè wá níkọ̀ọ̀kan láti sọ èsì. Sìmẹ́ńtì jáde, ó ń yan. Wọ́n ní eegun ẹ̀ ki ju ti àgbàlagbà lọ, àti pé ẹran tó wà lára ẹ̀ tó ti èèyàn méjì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìṣẹ́jú tí kò bá fi jẹun ló fi ń sùn. Ó ní, "Ìyá mi ló ṣe é, èmi kàn ń gbé e kiri ni."

Ó kàn mí.

"Eegun rẹ kò ki tó ti ẹgbẹ́ ẹ," Dókítà wí.

"Irin ni, Dókítà."

"Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni." Ó yí ìwé náà sí mi. "Bí eegun èèyàn ṣe ki tó àti bó ṣe rí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, inú ìdílé ló ti ń wá. Nínú ìpín mẹ́wàá, ó lè tó mẹ́fà tàbí méje. Bí ara ṣe ń pín oúnjẹ sí ọ̀rá àti sí ẹran náà, ìdílé lọ́wọ́ sí i. Oúnjẹ, oorun àti eré sísá ló ni ìyókù."

"Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ mi nìyẹn?"

"Rárá. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n fún ẹ, ìwọ lo máa mọ ilé. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbé àjà mẹ́ta lé ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín oṣù kan. Ara fífúyẹ́ àti ẹsẹ̀ gígùn yìí ló ń mú ẹ yára. Àwọn náà ló lè ṣẹ́ ẹ." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Eegun tó bá ti rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí a bá tètè dá a lóhùn, kó sinmi oṣù méjì sí mẹ́ta, á sàn, wàá tún sáré. Tí a ò bá dá a lóhùn, á pariwo. Ǹjẹ́ ibì kan ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Dókítà."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo fi dúró, bí adìyẹ inú òjò.

Ìrora: kò sí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sá irínwó mítà ní ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta! Kóòṣì gbọn aago wò, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹni tó ṣe ìkejì ṣì ń bọ̀ nígbà tí mo ti jókòó, tí mo mumi, tí mo sì ka ojú ìwé méjì.

Ẹsẹ̀ kejì yẹn wà pẹ̀lú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ẹ̀yìn ló wà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ló wà, lápá òsì, ó ń mí.

Kóòṣì fà mí sápá kan. "Ta ló kọ́ ẹ láti máa tẹ orí sí òsì ní kọ́nà ìkẹyìn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé o ń gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ sí ẹ létí."

Mo sùn lọ lọ́sàn-án. Nígbà tí mo jí, Sìmẹ́ńtì ti gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló jókòó sí, kò dápàárá. Ó ní mò ń sọ lójú oorun pé, "Kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan."

"Ṣé ìyẹn náà lò ń bẹ̀rù, ìwọ tó o tóbi tó ilé epo?"

"Ohùn ẹ kọ́," ló wí. "Ohùn àgbàlagbà ni."

Ìrora: kò sí.

Sọ́ńdè, ọgbọ̀njọ́

Mi ò jókòó kí n tó sọ ọ́. "Màámi, mo rí bàbá mi."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi, wọn ò wo ojú mi. Mo sọ̀rọ̀ fíìmù fún wọn. Wọ́n fa páálí àtijọ́ yẹn yọ lábẹ́ aṣọ, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan.

"Irínwó mítà lòun náà ń sá," ni wọ́n wí. "Pápá yẹn náà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló ń wá, bó bá wọlé, wọ́n á fún un níṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Oyún ẹ pé oṣù mẹ́ta. Mo rán ṣòkòtò fún un lóṣù kẹrin, ó bá a mu. Mo rán òmíràn lóṣù kẹfà, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀. Èèyàn kì í kúrú lóṣù méjì. Ó ti ń fi ara ti apá kan ni. Mo bi í pé, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́? Ó ní kò sí nǹkan."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kọ́nà ìkẹyìn. Òun ló wà níwájú. Àwa tá a jókòó lókè gbọ́ ọ, ó dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n là á, wọ́n tò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣeré. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ẹ̀ gun àyà ẹ̀ lọ. Mo lọ pọn omi, mo dé, ó ti tán."

Ìyá àgbà ń gbọ́ láti ìdí fèrèsé. Wọ́n ń mi orí, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọmọ ẹlòmíràn.

Màámi di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn le nítorí àlùmọ́gàjí ọdún gbọọrọ. "Mi ò wọ̀n ẹ́, nítorí mo fẹ́ kí páálí yìí má bá ẹ mu. Mo ní kí ó fún mọ́ ẹ lára tàbí kí ó ṣò lára ẹ, kí n lè sùn. Sọ fún mi. Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Màámi. Kò sí nǹkan."

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni tó mú irin gbígbóná.

"Bó ṣe tẹ orí nígbà tó sọ ọ́ náà nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ìrora: kò sí.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Mo jẹ ẹyin mẹ́fà. Ìrora: kò sí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ bá Bàbá Onífọ́tò nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi ya ìbàdí òsì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́."

Ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ibi tó o dúró sí yẹn náà ló dúró sí. Tọ́sìdeè ni, ó ku ọjọ́ méjì. Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn gan-an ló sọ."

Mo fara ti ilẹ̀kùn.

"Mo yà á. Kò gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, mo sì yà á, torí pé ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín. Mo rí ìlà yẹn, mo fi hàn án. Ó ní, 'Bàbá, ọjọ́ méjì péré. Ìyàwó mi lóyún.' Mi ò tíì darúgbó nígbà yẹn, ó kàn ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi fíìmù sínú dúrọ́ọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí pápá, mo jókòó sí tòsí kọ́nà ìkẹyìn." Ó wọ awò ojú ẹ̀ padà. "Láti ọjọ́ náà, bí igi bá ṣẹ́ níbikíbi, èmi ló ń ṣẹ́ lé lórí."

"Kò dùn mí, Bàbá. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Tí kò bá dùn ẹ́, kí lo fẹ́ wò?" Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. "Gba ìwé wá lọ́wọ́ Dókítà, n ó yà ẹ́. Mo fún ẹ di aago mẹ́jọ Sátidé kó o fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ, èmi ni n ó lọ sọ ọ́, mi ò tún ní fi nǹkan sí dúrọ́ọ̀ mọ́."

Kí ló máa sọ? Pé ìbàdí mi jọ ti òkú? Màá sẹ́ ẹ. Kóòṣì fẹ́ràn ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta ju òtítọ́ bàbá arúgbó kan lọ. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń sẹ́ nǹkan. Ó jọ pé mo jogún ìyẹn náà.

Ìrora: kò sí.

Sátidé, ọjọ́ kẹfà

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ọ́fíìsì Dókítà. Kò tíì dé. Láti ibí mò ń wo àwọn tó ń fi ẹfun fa ìlà sórí pápá. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa pe irínwó mítà. Sìmẹ́ńtì gbé báàgì mi dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ibo lò ń lọ? Ọ̀nà pápá kọ́ nìyí." Mo ní mò ń bọ̀. Ó wò mí títí, ó gbé báàgì náà dè mí.

Lẹ́ẹ̀kan ni mo gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pá, pà-á. Pá, pà-á. Ó ń bọ̀ láti apá ibi àtẹ̀gùn, kò kánjú. Kò sí ẹnì kankan. Ó dé iwájú bẹ́ńṣì, ó dúró. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún irú wọn. Mo sún, mo fi àyè sílẹ̀.

Tí mo bá gbé ìwé yìí fún Dókítà, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú. Ọdún tó ń bọ̀, bóyá wọ́n á tún pè mí, bóyá wọn ò ní pè mí. Mo ti sunkún lórí ẹ̀ ní yàrá ìwẹ̀, omi sì ń dà, nítorí náà kò sí ẹlẹ́rìí.

Dókítà, ẹ máa fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú ẹ̀. Ọkọ̀ akóyanrìn kọ́, kẹ̀kẹ́ ni, èmi ni mo sì lọ kọ lù ú. Orí àga ni mo ti já bọ́. Ajá náà kàn wò mí ni. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀, wọ́n kéré.

Ẹsẹ̀ tí mo gbọ́ lórí pápá, òótọ́ ni. Ṣòkòtò náà, òun ni mo wọ̀ báyìí. Ibi tí Ìyá àgbà tẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni. Ohùn tí Sìmẹ́ńtì gbọ́, ẹ bi í, kò gbọ́n tó láti hùmọ̀ ẹ̀. Gbogbo ohun tó jọ irọ́ nínú ìwé yìí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo dá sílẹ̀ látinú orí ara mi, àwọn ni mo sì fi ń parí ojúmọ́. Ẹ bá mi fagi lé wọn, láti ọjọ́ kẹwàá títí di ìjẹta.

Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ yín nísàlẹ̀.

Ìrora: ìbàdí òsì, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí itan ti yà. Kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn dáadáa, kò jẹ́ kí n fi apá yẹn sùn. Mo bá a níbẹ̀ ni. Ó dàgbà jù mí lọ.